Àánú Ṣe Mí, Mo Ṣàánú: Ìtàn Màmá Kan Tó Ń Kọ́ Àṣàrò

Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni omi ojú Màmá kọ́kọ́ kán sórí báàgì wọn. Wọn kì í gbé báàgì náà sílẹ̀ nígbà tá a bá jókòó. Orí itan ni wọ́n máa ń gbé e lé, ọwọ́ méjèèjì á sì wà lórí rẹ̀ bí ẹni tó wà nínú bọ́ọ̀sì. Ojú mi wà ní dídì, mo sì ń gbọ́ bí omi náà ṣe ń kán sórí awọ báàgì, tó, tó, tó. Inú mi dùn. Mo rò pé iṣẹ́ ti ń wọlé nìyẹn.

Bí mo ṣe ṣi ẹkún yẹn kà, ohun tó ná Màmá, àti bá a ṣe jáde nínú rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń jókòó pẹ̀lú àwọn èèyàn wa ni mo ń kọ ọ́ fún, yálà ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kọ́ni ní àṣàrò ẹlẹ́sìn Búdà tààrà, tàbí ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lò ó nílé ìwòsàn láì dárúkọ Búdà rárá. Màmá fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́. Mo ti yí àwọn nǹkan kan padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá wọn mọ̀. Màmá ni màá máa pè wọ́n, torí bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń pè wọ́n lójú ara wọn. Àwọn náà ń pè mí ní tíṣà, tẹ̀rín-tẹ̀rín, torí àbúrò ìkẹyìn wọn pàápàá lè jù mí lọ.

Ẹni ọdún 57 ni Màmá nígbà tí wọ́n wá bá mi ní London. Ó ti tó ọdún 16 tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tí gbogbo wa níbẹ̀ ń pè ní iṣẹ́ kíà. Ṣíìfù òru ni wọ́n máa ń gbà, nítorí owó rẹ̀ fi díẹ̀ sunwọ̀n, àwọn tí iyè wọn ti rá ni wọ́n sì ń tọ́jú. Ní 2020, ìyá tó bí wọn kú nílé, lásìkò tí Kòrónà mú kí wọ́n ti àwọn pápákọ̀ òfurufú Nàìjíríà pa. Orí fóònù ni Màmá ti wo ìsìnkú. Ẹni tó di fóònù mú ń rìn kiri, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ìgbà tí àwòrán á sì fi padà dé, wọ́n ti ń da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Láti ìgbà náà ni oorun ti di ogun. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ọmọ wọn obìnrin ló mú wọn wá sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n ṣáà bá òun wá nǹkan tí yóò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ọmọ ìjọ ni Màmá, wọn kì í sì í fi ìjọ ṣeré. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni bóyá màá ní kí àwọn wólẹ̀ fún ère. Mo ní rárá o. Mo ní ní Amaravati, ilé àwọn mọ́ńkì, ìyẹn àwọn tó fi ayé wọn jin ẹ̀sìn Búdà, tí Ajahn Sumedho dá sílẹ̀ ní Hertfordshire ní 1984, níbi tí èmi fúnra mi ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó, mo rí àwọn ọmọ ìjọ tó ń wá jókòó tí wọ́n tún ń padà sí ìjọ wọn lọ́jọ́ Ìsinmi. Mo sọ fún wọn pé ohun mẹ́rin ni a ó máa fi kọ́ ọkàn: mettā, ìyẹn kéèyàn máa fẹ́ ire fún ẹ̀dá; karuṇā, àánú; muditā, bíbá ẹni tó rí ire yọ̀; àti upekkhā, ọkàn tó dúró déédéé, tí ìròyìn ayọ̀ kò gbé fò, tí ìròyìn ibi kò sì gbé ṣánlẹ̀. Wọ́n rò ó díẹ̀. Wọ́n ní kò sí èyí tí Jésù kò sọ níbẹ̀ àfi èyí tó kẹ́yìn.

Bí wọ́n ṣe kọ́ mi náà ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn. Ara ẹni la fi ń ṣíde: kí ara mi le, kí ọkàn mi balẹ̀, kí n bọ́ lọ́wọ́ ewu. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá lójúmọ́. Ọ̀sẹ̀ méjì kò tíì pé tí Màmá fi ní ojú ń ti àwọn.

“Tíṣà, bí oúnjẹ bá délẹ̀, tí ìyá bu tiẹ̀ kó tó bu tọmọ, kí lo máa pe irú ìyá bẹ́ẹ̀?”

Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ kọ́ o. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni. Lónìí mo gbà pé àwọn ló jàre, ìwé pàápàá gbè wọ́n lẹ́yìn. Buddhaghosa, mọ́ńkì tó kọ ìwé àṣàrò tí wọ́n ń pè ní Visuddhimagga ní Anuradhapura, ní Sri Lanka, ní ọ̀rúndún karùn-ún, ní lóòótọ́ kí aláṣàrò kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n ó ní gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ni: bí èmi ṣe ń fẹ́ ìrọ̀rùn tí n kò fẹ́ ìyà, bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo ẹ̀dá. Ó ní bí èèyàn bá tilẹ̀ fi 100 ọdún fẹ́ ire fún ara rẹ̀ nìkan, ọkàn rẹ̀ kò ní rì sínú àṣàrò tó jinlẹ̀. Àwa tá à ń kọ́ni láyé òde òní la sọ ara ẹni di odindi ẹ̀kọ́, torí àwọn tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ wa jẹ́ èèyàn tó kórìíra ara wọn. Màmá kò kórìíra ara wọn. Wọn kàn mọ̀ pé ẹ̀yìn àlejò ni onílé ń jẹun ni.

Ìwé náà sọ ẹni tó kàn lẹ́yìn ara ẹni. Ọ̀gá ni, tàbí olùkọ́, ẹni tá a bọ̀wọ̀ fún tó sì ti ṣe wá lóore. Èmi kò tẹ̀ lé e. Èyí tí mo sọ ni pé, “Ẹ wá ẹni tí inú yín máa ń yọ́ sí tẹ́ ẹ bá ti rí ojú rẹ̀.” Ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán lẹ́nu mi tí wọ́n fi ní, “Ìyá mi.” Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyá ni wúrà, ta ló máa jiyàn ìyẹn?

Ibẹ̀ ni omi ojú ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á dijú, wọ́n á máa sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n, kí ara yín le, kí ọkàn yín balẹ̀, kó tó pẹ́ báàgì á ti tutù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́wàá di wákàtí kan, ó tún di méjì. Wọ́n ń jókòó láàárọ̀ tí wọ́n bá dé láti ibi iṣẹ́, dípò kí wọ́n sùn. Mo ń gbóríyìn fún wọn.

Nílé ìtọ́jú yẹn, bàbá Òyìnbó kan wà tí wọ́n ń ṣọ́. Awakọ̀ ojú irin ni nígbà ayé rẹ̀. Bó bá jí lóru, á ní kí Màmá padà sí ìlú wọn. Kò ní tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sígbà yẹn, á di ọwọ́ wọn mú ṣinṣin, á máa pè wọ́n ní mummy, á ní kí wọ́n má lọ. Tíì ni wọ́n fi ń pẹ̀tù sí i nínú: mílíìkì púpọ̀, ṣúgà méjì àbọ̀. Ìdajì yẹn gan-an ni kì í fi í ṣeré. Bí ó bá pé mẹ́ta, á tú u sílẹ̀. Nígbà tó yá, Màmá ò lọ sílé mọ́ tí ṣíìfù bá parí. Wọ́n á tún jókòó tì í fún wákàtí kan, méjì, láì gba owó, láì tíì fi nǹkan kan kan ẹnu. Wọ́n sọ fún mi pé, “Ojú ìyá mi ni mò ń rí lára gbogbo wọn báyìí.” Mo dáhùn pé bí ó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Tí mo bá rántí ìdáhùn yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Lọ́sẹ̀ kẹsàn-án, ìyá arúgbó kan kú nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti bàbá yẹn. Màmá tún òkú ṣe, wọ́n jáde sí kọ́rídọ̀, wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọn kò sì lè dìde mọ́. Ọkọ̀ áńbúláǹsì ló gbé wọn. Ọjọ́ méjì ni wọ́n lò lọ́sibítù, ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti lọ sókè kọjá ibi tí oògùn ń ká a mọ́. Ọmọ wọn pè mí lálẹ́ ọjọ́ kejì. Kò pariwo. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí gan-an lẹ fi ń kọ́ màmá mi níbẹ̀ yẹn?”

Mi ò ní ìdáhùn. Mo ní kí a dá àṣàrò dúró pátápátá, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni a kò fi jókòó. Dọ́kítà pààrọ̀ oògùn, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ẹni tó ń bá àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀ sọ̀rọ̀, ohun tó yẹ kí n ti ní kí wọ́n ṣe látọjọ́ tí mo ti gbọ́ bí wọ́n ṣe wo ìsìnkú ìyá wọn. Wọ́n tún gbà láti kúrò ní ṣíìfù òru. Ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bẹ́ ẹ bá dé ìparí, nítorí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé àṣàrò nìkan ló wo ohunkóhun sàn.

Láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún yẹn ni mo padà sídìí ìwé. Orí kẹsàn-án nínú Visuddhimagga ni Buddhaghosa ti sọ̀rọ̀ lórí ohun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí. Mo ti kà á rí, ṣùgbọ́n kíkà ojú lásán ni mo kà á, tá a máa ń fi ojú wá ibi tó dùn. Níbẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni ó ti to àwọn tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣe mettā: ẹni tá a kórìíra kọ́ lèèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀rẹ́ tá a fẹ́ràn gidigidi kọ́, ẹni tí kò kàn wá kọ́. Ó wá ní ẹni tó ti kú, a kò gbọ́dọ̀ fi í ṣe é rárá. Ó pa ìtàn kan tì í. Mọ́ńkì kékeré kan jókòó láti ṣe mettā sí olùkọ́ rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí ọkàn rẹ̀ kọ̀, kò wọlé. Ó lọ bá àgbà mọ́ńkì kan, ó ní bàbá, ọ̀nà tí mo mọ̀ dunjú ni o, kí ló dé tí n kò rí i gbà? Àgbà ní kó lọ wá ẹni tó ń fi ṣe é wò. Ó wá a, ó rí i pé olùkọ́ òun ti kú. Ó yí mettā náà sí ẹlòmíì tó wà láàyè, ọkàn rẹ̀ sì wọlé.

Buddhaghosa kò sọ ìdí. Èrò tèmi ni pé ìfẹ́ ire nílò ibi tó máa bà lé. Bí mo bá ní kí ara yín le, ó yẹ kí ara kan wà níbì kan tó lè le. Bí kò bá sí ara, ọ̀rọ̀ náà á fò lọ, á fò bọ̀, àyà ẹni tó rán an ni yóò padà bà lé, á sì di ọgbẹ́. Ẹkún Màmá kì í ṣe àánú tó ń ṣí sílẹ̀. Ọ̀fọ̀ ni. Lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni mò ń ní kí obìnrin tí kò rí ìyá rẹ̀ sin padà lọ dúró létí sàréè orí fóònù yẹn.

Mo sọ ọ́ fún wọn nígbà tá a tún ríra. Mo rò pé yóò rọrùn. Wọ́n wò mí títí.

“Ìwọ ọmọ yìí, ta ló sọ fún ọ pé ìyá mi kú? Ó lọ ni. Ó ń gbọ́ mi.”

Ẹ wò ó, níbí yìí ni ìwé àwọn ará Sri Lanka àti ilé wa ti fẹ́ kọlura, mi ò sì fẹ́ kí ìkankan ṣubú. Ọmọ Yorùbá ni mí. Mo mọ̀ pé a kì í sọ fún èèyàn pé ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ọ mọ́. Ohun tí mo sọ ni pé bí ìyá bá ń gbọ́, a jẹ́ pé àwọn ló ń ṣọ́ Màmá báyìí, kì í ṣe Màmá ló ń ṣọ́ wọn. Ṣé ó wá yẹ kí Màmá máa gbàdúrà kí ara ìyá le? Wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, “Rárá. Òun ló yẹ kó máa gbà á fún mi.” Bá a ṣe yanjú rẹ̀ nìyẹn. Àárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó wẹ̀, wọ́n á kí ìyá wọn, wọ́n á ki oríkì, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Tí wọ́n bá wá jókòó fún àṣàrò, ìyá kò sí níbẹ̀. Ó jọ ọ̀rọ̀ kékeré lójú, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ yẹn ni báàgì gbẹ.

Ẹni tí wọ́n wá mú ni ọ̀gá tó kọ́ wọn níṣẹ́ télọ̀ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ìyá àgbà tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp. Ìwé ní kí a rántí oore olùkọ́ àti ọ̀rọ̀ dídùn ẹnu rẹ̀. Màmá rántí síṣọ́ọ̀sì tí ọ̀gá fún wọn lọ́jọ́ frídọ̀mù, tí ó fi aṣọ aláràbarà wé ní ọwọ́ kó má baà bó wọn níka. Ó ṣì wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n gbé e wá kí n rí i. Mo tún jẹ́ kí wọ́n pa àwọn ọ̀rọ̀ tí mo fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ tì, kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe máa kí ọ̀gá wọn gan-an: kí ara ó le, kí orúnkún má dùn yín, kí oorun alẹ́ dùn. Orúnkún! N kò lè ronú kan orúnkún láéláé. Ìfẹ́ ire tó mọ orúnkún ẹni tó ń lọ bá, kì í ṣìnà.

Láti ibẹ̀ la ti kọjá sí àánú, ibẹ̀ ni ohun kejì tó yí ọ̀rọ̀ yìí padà ti ṣẹlẹ̀, láti inú èdè wa. Mo bi Màmá bí ó ṣe ń rí lára wọn tí wọ́n bá wọ yàrá bàbá awakọ̀ ojú irin. Wọ́n fi ọwọ́ sí àyà, wọ́n ní, “Àánú rẹ̀ ń ṣe mí.” Mo ti gbọ́ gbólóhùn yẹn lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ohun tó ń sọ. Àánú ló ń ṣe nǹkan níbẹ̀. Èmi ni ó ń ṣe. Bí ìgbà téèyàn ní òtútù ń ṣe mí, ibà ń ṣe mí. Ṣùgbọ́n a tún ní òmíràn: mo ṣàánú fún un. Níbí, èmi ni mò ń ṣe é, ẹlòmíì ló sì ń bọ́ sí lọ́wọ́. Ohun tí Màmá ti ń fi ọdún mẹ́rìndínlógún mú lọ sílé láti ibi iṣẹ́ ni àkọ́kọ́. Karuṇā ni ìkejì.

Buddhaghosa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní ọ̀tá méjì, ọ̀kan nítòsí, ọ̀kan lókèèrè. Ọ̀tá àánú lókèèrè ni ìwà ìkà, èyí tí kò lè tan ẹnikẹ́ni jẹ. Èyí tó wà nítòsí ni ìbànújẹ́, nítorí pé ó fojú jọ ọ́. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Àwọn onímọ̀ ọpọlọ náà ti fẹ́ ẹ wò: ní 2014, Olga Klimecki, Tania Singer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n kọ́kọ́ kọ́ àwọn èèyàn láti máa bá ẹni tó wà nínú ìnira jẹ ìrora rẹ̀, wọ́n sì fi fídíò ìyà hàn wọ́n; ìbànújẹ́ wọn pọ̀ sí i. Wọ́n wá kọ́ wọn ní àánú. Ìbànújẹ́ yẹn lọ sílẹ̀, ara wọn yá padà, apá ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ sì yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Mo ròyìn rẹ̀ fún Màmá. Wọ́n ní àwọn Òyìnbó á fi ẹ̀rọ wá ohun tó wà lẹ́nu èèyàn.

Iṣẹ́ tá a fún ara wa ni pé ẹnu ọ̀nà yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó wọlé, wọ́n á mí lẹ́ẹ̀mẹta. Bí àyà bá ń fún, wọ́n á sọ fún ara wọn pé àánú ń ṣe mí. Wọn ò ní bá a jà. Lẹ́yìn náà wọ́n á wọlé, wọ́n á wá ohun kan tí ọwọ́ lè ṣe, ìrọ̀rí tó wọ́, ibọ̀sẹ̀ tó fún lẹ́sẹ̀, wọ́n á sì fi ṣe é: kí ìnira yìí dẹ̀ fún yín. Ọwọ́ ló sọ ọ̀rọ̀ náà di mo ṣàánú.

Ó ń lọ dáadáa, ni mo bá tún kánjú. Ìtàn kan wà nínú orí kẹsàn-án yẹn kan náà. Aláṣàrò jókòó pẹ̀lú ẹni mẹ́ta: ẹni tó fẹ́ràn, ẹni tí kò kàn án, ẹni tó kórìíra rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ṣìkẹrin. Àwọn ọlọ́ṣà wọlé, wọ́n ní kí ó fún àwọn ní ẹnì kan, àwọn fẹ́ pa á kí àwọn fi ẹ̀jẹ̀ ọrùn rẹ̀ rúbọ. Ta ni kí ó fún wọn? Mo bi Màmá. Wọn kò ronú.

“Kí wọ́n mú èmi.”

Mo ní ìwé sọ pé ẹni tó bá ní kí wọ́n mú òun kò tíì débẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní kí wọ́n mú ẹlòmíì kò ṣe débẹ̀. Ẹni tí kò rí ẹnì kankan tí ó lè fà lé wọn lọ́wọ́ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun náà nínú wọn, ni ògiri ti wó láàárín òun àti ẹ̀dá. Ojú Màmá yí. Wọ́n ní ṣé ẹ̀sìn yín ò mọ̀ pé ẹnì kan ti fi ara rẹ̀ lélẹ̀ lórí igi àgbélébùú ni? Wọ́n kó báàgì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta n kò gbúròó wọn, mo sì gbà pé mo ti pàdánù wọn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n padà wá, pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín nínú kúlà kékeré. Wọn kò dárúkọ Jésù, wọn kò dárúkọ Búdà. Wọ́n ní, “Mo rò ó nínú bọ́ọ̀sì. Mo ní kí wọ́n mú mi, àbí? Ìfẹ́ kọ́. Ó rẹ̀ mí ni.”

A jókòó, a ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti ń retí àwọn ọlọ́ṣà yẹn. Mo bi wọ́n tààrà bóyá wọ́n ń ronú àti pa ara wọn lára. Wọ́n ní rárá, ìsinmi ni àwọn ń wá tí kò ní jẹ́ ẹ̀bi àwọn. Síbẹ̀ mo ní kí wọ́n sọ ọ́ fún ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ nípa ọ̀fọ̀, wọ́n sì sọ ọ́. Ọjọ́ yẹn ni Màmá fúnra wọn ní kí a fi àwọn kún un. Àwọn mẹ́rin ló jókòó sílẹ̀, wọ́n ní, ọ̀gá mi, ọmọkùnrin tó ń ta fóònù lójú ọ̀nà wa, bàbá tó ní kí n máa lọ sílùú mi, àti èmi. Ìkẹrin ni wọ́n fi ara wọn sí. Wọ́n bu oúnjẹ wọn, lẹ́yìn àlejò.

Upekkhā la fi parí, òun ló sì lewu jù lọ́wọ́ mi. Gbólóhùn tí wọ́n fi ń kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni pé ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ló ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Bí a bá sọ èyí ní Yorùbá lójú aláìsàn, “àfọwọ́fà ni” ló ń dún. Màmá sì tún fẹ́ gbà á bí àyànmọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ yẹn, tí ìwé ń pè ní kamma, kì í ṣe àyànmọ́. Ohun tí èèyàn mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ni. N kò fẹ́ kí wọ́n wo bàbá yẹn kí wọ́n ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ mọ́ ọn nìyẹn. A gbìyànjú oríṣiríṣi, èyí tó dúró ni: mo fẹ́ ire fún yín, ẹ̀mí yín kò sí lọ́wọ́ mi. Ọmọkùnrin tó ń ta fóònù ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ìwé ní ẹni tí kò kàn wá ni ká fi bẹ̀rẹ̀ upekkhā; lára rẹ̀ ni ọkàn ti ń kọ́ bí a ṣe ń dúró.

Ọ̀tá upekkhā nítòsí ni àìbìkítà. Mo mọ̀ ọ́n sórí, síbẹ̀ díẹ̀ ló kù kí n má rí i nígbà tó dé. Lọ́sẹ̀ kan, Màmá wọlé, ara wọn balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ojú wọn gún régé. Wọ́n ní kò sí ohun tó ń dà wọ́n láàmú mọ́ níbi iṣẹ́. Mo fẹ́ yọ̀. Ohun kan ní kí n bi wọ́n pé, “Màmá, ṣúgà mélòó ni bàbá ń mu báyìí?”

Wọ́n la ẹnu. Wọ́n pa á dé. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀, ẹlòmíì ló ń po tíì lọ́jọ́ mẹ́ta yìí.

A padà sídìí àánú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnu ọ̀nà, mímí lẹ́ẹ̀mẹta, ìrọ̀rí, ibọ̀sẹ̀. Láti ìgbà náà, a kò ya méjèèjì sọ́tọ̀ mọ́. Bí ọkàn bá gbóná jù, a lọ sí upekkhā. Bó bá tutù jù, a padà sí karuṇā, bí ẹni tó ń da omi gbígbóná àti tútù pọ̀ fún ọmọ ọwọ́, tó ń fi igunpá tọ́ ọ wò.

Ìbéèrè tí mo fi ń ṣíde báyìí, kí n tó kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun, ni pé ta lẹ pàdánù, ṣé ẹ rí wọn sin. N kì í fi ara ẹni bẹ̀rẹ̀ fún àwọn èèyàn wa àfi tí wọ́n bá béèrè rẹ̀. N kì í ka omi ojú sí èrè. Ìtàn àwọn ọlọ́ṣà, n kì í sọ ọ́ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú títí mo fi mọ bí ó ṣe ń sùn àti bí ó ṣe ń jẹun. Mo sì ń tẹ́tí sí gírámà: bí ẹnu èèyàn bá ń sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ pé àánú ń ṣe òun, tí kò ní “mo ṣe” kankan nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀, mo máa ń dẹwọ́.

Màmá ń sùn tó wákàtí márùn-ún, mẹ́fà. Ṣíìfù ọ̀sán, oògùn tuntun, ẹni tó ń bá wọn sọ̀rọ̀, àti àṣàrò, mi ò mọ èyí tó gba ìpín tó pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ti lọ sílé, wọ́n ti dúró létí sàréè ìyá wọn, wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn tẹ ilẹ̀ ibẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni bàbá awakọ̀ ojú irin kú. Màmá ló wà níbẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí èémí rẹ̀ ń já, àwọn di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn ní mo fẹ́ ire fún yín, ẹ̀mí yín kò sí lọ́wọ́ mi, àwọn sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì dà bíi pé ó gbọ́. Wọ́n tún òkú ṣe. Wọ́n délé, wọ́n sunkún, wọ́n jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín, wọ́n sùn.

Mi ò bi wọ́n léèrè. Àwọn fúnra wọn ló gbé ojú sókè nígbà tí wọ́n ń tú báàgì wọn wá kọ́kọ́rọ́, tí wọ́n fẹ́ máa lọ. “Méjì àbọ̀,” wọ́n ní. “Kó tó di pé ó lọ, ó ti di mẹ́ta. Kò mọ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n méjì àbọ̀ ni mò ń fi sí i.”